Ajá tí wọ́n pa tì, ẹ jẹ́ kó fúnra ẹ̀ wá bá yín

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú làálàá ajá yẹn o. Mo ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ, pé àwọn ará ilé kejì jápa lọ sí Kánádà, wọ́n fi ajá sílẹ̀ fún mẹ́gáàdì, mẹ́gáàdì náà bá tiẹ̀ lọ, ẹ̀yin lẹ wá lọ tú u lókùn. Ó ti di ọjọ́ 4 báyìí tó ti wọ abẹ́ àtẹ̀gùn, kì í jẹun lójú yín, tẹ́ ẹ bá sún mọ́ ọn á máa kùn, dádì àwọn ọmọ sì ti ń sọ pé kẹ́ ẹ lé e síta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lé e. Ọjọ́ 4 ò tíì tó nǹkan kan. Èmi náà ti gba irú ẹ̀ tọ́jú rí, mo fẹ́ sọ bó ṣe lọ fún yín àti ibi tí mo ti ṣì í ṣe, torí ó ku díẹ̀ kí n fọwọ́ ara mi pa á.

Ti èmi, Ìbàdàn níbí ni, ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan lápá Àkóbọ̀. Wọ́n ti fi okùn ike so ó mọ́ ìdí máńgòrò láti kékeré, bó ṣe wá ń dàgbà kò sẹ́ni tó rántí tú okùn yẹn, okùn wọ inú ẹran ọrùn ẹ̀ lọ, ibẹ̀ jẹrà, eṣinṣin bò ó. Bingo ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀bà tó bá ṣẹ́kù lọ́sàn-án ni wọ́n ń jù sí i, ọjọ́ tí ò bá ṣẹ́kù, omi gọ́tà ló ń lá. Mo máa ń gba ibẹ̀ kọjá láràárọ̀, n ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, títí dọjọ́ tí mi ò lè gbójú kúrò mọ́. Mo lọ bẹ ọ̀gá ibẹ̀, ó ní kí n máa gbé e lọ, pé ẹni tó ni ín ti kó kúrò tipẹ́.

Àṣìṣe tí mo kọ́kọ́ ṣe nìyí. Àánú ẹ̀ ti mú mi débi pé dípò kí n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran tààrà, ilé ni mo gbé e wá, mo bu ìrẹsì kún abọ́ ràbàtà, mo po ẹja títùsì mọ́ ọn, ó gbé e mì bíi pé wọ́n ń lé e, mo tún bù sí i. Inú mi ń dùn. Kó tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì ó ti ń bì, ó ń ya ìgbẹ́ olómi, ẹsẹ̀ ẹ̀ ò gbé e mọ́, ó kàn ń gbọ̀n. Ìgbà yẹn ni mo gbé e sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó di ilé ìwòsàn ẹran. Kílò 9 ló wọ̀n lórí ìwọ̀n, ajá àgbà tó yẹ kó tó kílò 16. Dókítà ṣàlàyé fún mi pé ara tó ti pẹ́ nínú ebi ti mọ bó ṣe ń fi díẹ̀ gbéra, tí oúnjẹ bá wá ya wọlé lójijì, pàápàá nǹkan bí ìrẹsì àti ẹ̀bà, àwọn ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ bíi phosphorus àti potassium á fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ sá wọ inú ara, ọkàn á wá máa lù ségesège, ó sì lè dá iṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ní èèyàn tí ebi ti pa pẹ́ náà lè bá irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ 3 ni wọ́n fi dá a dúró, tí wọ́n ń fa omi sí i lára.

Torí náà tí ajá yín bá rù, tí ẹ̀ ń rí egungun ìhà ẹ̀ kà, ẹ má ṣe é bíi tèmi. Ẹ fún un níwọ̀n ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́, kí ẹja tàbí adìyẹ pọ̀ ju ìrẹsì lọ, kẹ́ ẹ yọ egungun kúrò, kẹ́ ẹ wá máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ títí á fi tó bí ọjọ́ 10. Kò gbọdọ̀ sí ata, kò gbọdọ̀ sí mágí, àlùbọ́sà ni kẹ́ ẹ sá fún jù torí ó máa ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́, ẹ̀jẹ̀ yẹn sì lè máà tó tẹ́lẹ̀.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ yẹn dáadáa. Eégbọn tó wà lára Bingo kì í ṣe kékeré, ó wọ inú etí, ó wà láàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀. Dókítà ṣí ẹnu ẹ̀, ó ní kí n wo èrìgì ẹ̀, ó funfun bí òwú. Wọ́n yẹ PCV ẹ̀ wò, ìyẹn ìdá tó jẹ́ sẹ́ẹ̀lì pupa nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, 17 ni, nígbà tó jẹ́ pé láti 37 dé 55 ló yẹ kí ti ajá wà. Eégbọn máa ń mu ẹ̀jẹ̀, ó sì tún máa ń gbin àrùn síbẹ̀. Doxycycline, oògùn tó ń pa àrùn tí eégbọn gbìn, ni wọ́n fún un, ọjọ́ 28 gbáko, ìwọ̀n kílò ẹ̀ ni wọ́n sì fi ṣírò ẹ̀, ẹ má wo tèmi fún tiyín. Eégbọn yìí kan náà, ara ajá nìkan kọ́ ló ń gbé o, ó máa ń gun ògiri, inú ihò ògiri ló ń yé ẹyin sí, tẹ́ ẹ bá wẹ ajá tẹ́ ẹ ò fín ibi tó ń sùn, iṣẹ́ òfo ni. Àwọn kan á sọ fún yín pé kẹ́ ẹ fi kọ̀ndẹ́ḿdì ọ́ìlì pa á lára fún eégbọn àti ara yíyún, wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún èmi náà, ẹ má gbà. Á lá a, á sì ṣe inú ẹ̀ báṣubàṣu. Ivermectin, oògùn kòkòrò ara tí wọ́n ń gún fún màlúù náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dédé gún un fún un láìwọ̀n ọ́n, tó bá ti pọ̀ jù ó lè fọ́ ajá lójú.

Ó wá kan gígéjẹ. Ọjọ́ kẹfà tó dé ilé, Bingo sá sábẹ́ tábìlì, òjò fẹ́ rọ̀, mo fẹ́ kó wọlé, mo kàn nawọ́ sábẹ́ ibẹ̀ kí n fà á jáde ni, ó gé mi lọ́wọ́. Mi ò bínú sí i, èmi ni mo ká a mọ́ igun tí ò ti rọ́nà sá. Àmọ́ ẹ̀rù bà mí torí wọn ò fún un lábẹ́rẹ́ dìgbòlugi rí. Ìyá kan ládùúgbò ní kí n já irun ajá náà, kí n sun ún, kí n fi epo pupa pò ó lé ojú ọgbẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo lọ sídìí ẹ̀rọ omi, mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 15, mo wo aago sí i, mo sì gba ọsibítù lọ lọ́jọ́ náà. Abẹ́rẹ́ 5 ni mo gbà, ọjọ́ yẹn gan-an, ọjọ́ 3 lẹ́yìn ẹ̀, ọjọ́ 7, ọjọ́ 14 àti ọjọ́ 28. Wọ́n ní kí n máa ṣọ́ Bingo fún ọjọ́ 10, torí ajá tí dìgbòlugi bá ti dé itọ́ ẹ̀ kì í kọjá ọjọ́ mẹ́wàá kó tó hàn lára ẹ̀ tàbí kó kú. Kò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n, mi ò fi èyí dẹ́rù bà yín, àmọ́ tó bá fi eyín kàn yín tàbí ọmọ yín pẹ́nrẹ́n, ẹ má dúró de àmì kankan, tí àmì bá ti hàn lára èèyàn ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Látọjọ́ yẹn ni mo ti jáwọ́ nínú fífà á. Mi ò wò ó lójú mọ́, mi ò na ọwọ́ sí i, tó bá di alẹ́ n ó gbé àpótí kékeré, n ó jókòó síwájú ibi tó wà, n ó kẹ̀yìn sí i, n ó máa ṣa ẹ̀wà tàbí kí n máa tẹ fóònù, n ó máa ju ẹja tí mo ti yọ egungun ẹ̀ sẹ́yìn láìbojú wò. Àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́, ìgbà tí mo bá ti wọlé ló ń jẹ ẹ́. Ọjọ́ kọkànlá, mo gbọ́ tó ń jẹ nǹkan lẹ́nu lẹ́yìn mi. Mi ò mira. Mo ń sunkún, àmọ́ mi ò mira. Ó tún tó ọ̀sẹ̀ méjì sí i kó tó wá fi imú kan ìgbọ̀nwọ́ mi, tó fi yára sá padà. Ọmọ mi, ọmọ ọdún 7 nígbà yẹn, fẹ́ràn láti máa dì mọ́ ọn, mo kìlọ̀ fún un gidigidi, ajá tó ń bẹ̀rù máa ń rí ìdìmọ́ bí ìgbà tí wọ́n fẹ́ mú un ni.

Ẹ tún máa ṣọ́ ohun tó ń dẹ́rù bà á. Ti Bingo, ìgbálẹ̀ ni. Kí n ṣáà ti bẹ̀rẹ̀ mú ìgbálẹ̀, á dọ̀bálẹ̀, á tọ̀ sára. Ẹ̀yin náà mọ ohun tíyẹn túmọ̀ sí. Mo yí àkókò tí mò ń gbálẹ̀ padà, nígbà tó bá wà lẹ́yìn ilé, lẹ́yìn ìyẹn mo fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ oúnjẹ ẹ̀ láìfọwọ́ kàn án, ó sì pé oṣù méjì kó tó lè kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ láìdọ̀bálẹ̀. Okùn náà bẹ́ẹ̀. Tèmi ti sàn lọ́rùn o, àmọ́ tó bá ti rí okùn lásán ojú ẹ̀ á yí. Ẹ má so ajá yín báyìí tí fẹ́ǹsì yín bá ga. Tẹ́ ẹ bá sì ní ajá mìíràn, ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ 2 ó kéré tán, ẹ ò mọ ohun tó gbé bọ̀.

Nígbà tí PCV ẹ̀ padà di 38, dókítà gún un lábẹ́rẹ́ dìgbòlugi àti ti àwọn àrùn yòókù, lẹ́yìn oṣù kan wọ́n tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Kílò 17 ló ti wọ̀n nígbà yẹn.

Mi ò yí orúkọ ẹ̀ padà. Àwọn èèyàn ní kí n sọ ọ́ ní orúkọ tó nítumọ̀, mo ní rárá, orúkọ yẹn nìkan lohun tó mú kúrò níbi tó ti wá.

Ibi tó nira jù ni gbígbé e fún ẹlòmíràn, torí a ti ní ajá mìíràn nílé, ilé wa ò sì gba ajá méjì pẹ́ títí. Ọkùnrin kan pè mí, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó bi mí ni pé ṣé ó ti sanra, mo ní kí lẹ fẹ́ fi ṣe, ó ní àwọn fẹ́ fi ṣe 404, ìyẹn ẹran ajá tí wọ́n ń sè jẹ. Mo gé ìpè náà. Látìgbà yẹn, ẹni tó bá fẹ́ gbà á, mo gbọ́dọ̀ dé ilé ẹ̀, kí n wo fẹ́ǹsì, kí n béèrè ẹni tó máa bọ́ ọ tí wọ́n bá rìnrìn àjò. Bàbá kan tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì níṣẹ́ tíṣà àti ìyàwó wọn ló gbà á nígbẹ̀yìn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n wá jókòó lórí àpótí mi kí wọ́n tó mú un lọ, bàbá náà kẹ̀yìn sí i gẹ́gẹ́ bí mo ṣe sọ fún wọn, àgbàlagbà tí eékún ń dùn.

Tó bá jẹ́ Ìbàdàn lẹ wà, ilé ìwòsàn ẹran wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, àwọn ará Abẹ́òkúta ní ti FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà níbẹ̀, ẹ gbé e lọ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Ẹ sọ fún dádì wọn pé kí wọ́n fún un ní oṣù 3. Lálẹ́ òní, ẹ gbé àpótí kan síwájú àtẹ̀gùn yẹn, ẹ kẹ̀yìn sí i. Nígbà tó bá ń kùn, á ká ètè sókè, ẹ wo èrìgì ẹ̀ láti ọ̀ọ́kán láìsún mọ́ ọn, kẹ́ ẹ wá sọ fún mi bóyá pupa ni àbí funfun.