Ṣé wọ́n ṣì ń yẹgi fún èèyàn ní Turks and Caicos?

ÌBÉÈRÈ: Lọ́yà wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Birmingham ti gba iṣẹ́ ọdún méjì sí Turks and Caicos. Inú mi ń dùn, àfi ìgbà tí àbúrò bàbá rẹ̀ pè mí pé wọ́n ṣì máa ń yẹgi fún èèyàn ní àwọn erékùṣù yẹn. Mi ò rí oorun sùn mọ́. Bí ó bá ṣèèṣì fún aláìsàn ní oògùn tí kò yẹ ńkọ́? Ṣé pásípọ́ọ̀tù Gẹ̀ẹ́sì tó ní lè gbà á sílẹ̀? (Ìyá nọ́ọ̀sì, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àníyàn ọmọ, mà. Rárá, wọn kì í yẹgi fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀ mọ́. Abẹ́ Ìlú Ọba ni Turks and Caicos wà, gómìnà tí ọba Gẹ̀ẹ́sì yàn ló wà níbẹ̀, ìdájọ́ ikú ò sì sí nínú òfin wọn mọ́. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ pààyàn, ẹ̀wọ̀n gbére ni. Ti oògùn tí ẹ ń bẹ̀rù, àṣìṣe kì í ṣe ìmọ̀ọ́mọ̀-pààyàn. Àìbìkítà tó bá burú jáì lè di ẹjọ́, ṣùgbọ́n kò dé ti okùn, kódà nígbà tí okùn ṣì wà.

Àbúrò bàbá ọmọ ò kàn dédé sọ ọ́ o. Bahamas ló múlé ti Turks and Caicos lójú òkun, àwọn erékùṣù wọn tò tẹ̀lé ara wọn ni. Títí di 1973, gómìnà Bahamas ló ń mójú tó méjèèjì. Ọdún yẹn ni Bahamas gbòmìnira, èkejì dúró sọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bahamas gbé òfin ikú lọ́wọ́ lọ, ó yẹgi fún èèyàn ní ọdún 2000, òfin náà sì wà níbẹ̀ dòní. Bí ẹ bá fẹ́ dá wọn mọ̀ yàtọ̀, ẹ wo àsíá. Ti Turks and Caicos ní àsíá Gẹ̀ẹ́sì kékeré ní igun òkè, pẹ̀lú asà aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n ya alákàṣà àti ewéko ẹlẹ́gùn-ún sí. Ti Bahamas ò ní àsíá Gẹ̀ẹ́sì kankan lára.

Gẹ̀ẹ́sì dá yíyẹgi fún apààyàn dúró nílé tirẹ̀ ní 1965, ṣùgbọ́n ó fi í sílẹ̀ láwọn ilẹ̀ tó wà níkàáwọ́ rẹ̀ lókè òkun. Ní oṣù March 1973, Sir Richard Sharples, gómìnà Bermuda, jáde lálẹ́ sínú ọgbà ilé ìjọba, òun, ọ̀gágun tó ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn, àti ajá rẹ̀. Wọ́n yìnbọn pa wọ́n, tajá-tèèyàn. Ní December 1977, wọ́n yẹgi fún Erskine Burrows nítorí ìpànìyàn yẹn àtàwọn mìíràn. Wọ́n yẹgi fún Larry Tacklyn pẹ̀lú, ẹni tí ilé ẹjọ́ dá láre nínú ti gómìnà, tí wọ́n wá dá lẹ́bi nínú ìpànìyàn tó ṣẹlẹ̀ ní ilé ìtajà kan. Ìlú dàrú. Èèyàn 3 kú sínú iná hótẹ́ẹ̀lì, wọ́n sì fi bàálù kó sójà wá láti Ìlú Ọba. Àwọn méjì yẹn ló gbẹ̀yìn tí wọ́n yẹgi fún lábẹ́ àsíá Gẹ̀ẹ́sì níbikíbi. Ó ṣì ń dùn mí tí mo bá rántí rẹ̀: wọ́n bẹ London kó dá ẹ̀mí wọn sí, ìjọba tí kì í yẹgi fún ẹnikẹ́ni lójúde tirẹ̀ mọ́ sì fọwọ́ lẹ́rán.

Ní May 1991 ni London ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àṣẹ ọbabìnrin àti ìgbìmọ̀ rẹ̀ fagi lé ikú fún ìpànìyàn ní erékùṣù 5: Anguilla, British Virgin Islands, Cayman, Montserrat àti Turks and Caicos. Kì í ṣe aṣòfin ibẹ̀ ló dìbò sí i, ó sì ká ọ̀pọ̀ wọn lára. Mo gbà pé wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti bínú. Síbẹ̀, ẹ̀yìn àṣẹ náà ni mo wà, torí ilé ẹjọ́ lè ṣàṣìṣe, ẹ̀wọ̀n sì ṣeé tú èèyàn sílẹ̀ kúrò nínú rẹ̀, sàréè ò ṣeé tú. Bermuda fọwọ́ ara rẹ̀ pa tirẹ̀ rẹ́ ní 1999, lẹ́yìn tí London ti tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn létí. Ní Turks and Caicos, ikú ṣì wà nínú ìwé fún ìdìtẹ̀ sí ìjọba àti olè ojú òkun títí di 2002. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun tí àbúrò bàbá ọmọ gbọ́ nìyẹn.

Ní ti pásípọ́ọ̀tù, òfin ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ ẹni bá tẹ̀ ló ń de èèyàn. Tí ọmọ yín bá lọ gbafẹ́ ní Nassau, òfin Bahamas ló wà lórí rẹ̀. Àwọn aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lè wá wò ó, kí wọ́n fún un lórúkọ lọ́yà, wọn ò lè mú un jáde. Ẹ má sì gbàgbé, mà, pé òfin ìwà ọ̀daràn tí Gẹ̀ẹ́sì fi sílẹ̀ fún wa láyé amúnisìn ṣì ń pàṣẹ ikú fún apààyàn ní Ìbàdàn tí ẹ jókòó sí.

Ẹ jẹ́ kó máa palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Kó tó buwọ́ lùwé, kó ka àdéhùn iṣẹ́ náà dáadáa: ṣé Turks and Caicos nìkan ni, àbí wọ́n lè rán an lọ sí erékùṣù mìíràn? Kó sì bi wọ́n pé ta ni yóò sanwó lọ́yà bí aláìsàn bá pè é lẹ́jọ́, kí wọ́n kọ ìdáhùn náà sínú ìwé fún un.