Má fi drone ṣí fíìmù ẹ, àbúrò, ojú mi ti rí i

Àbúrò, o ní o ti rí drone yá, o fẹ́ fi Ìjẹ̀bú-Òde látòkè ṣí fíìmù ẹ fún odindi ìṣẹ́jú méjì kó lè mú ojú àwọn èèyàn, o wá ń bèèrè bóyá ó dáa. Kò dáa. Mi ò kàn sọ ọ́ lásán o, mo ti san owó ilé ìwé ẹ̀.

Fíìmù tí mo kọ́kọ́ ṣe, ìyá kan tó ń ta obì ní Sábó Ṣàgámù ni, òun ni wọ́n ń kó owó àjọ sí lọ́wọ́, ọmọ ẹ̀ obìnrin wá gbé owó náà sá lọ. Ìtàn tó dáa ni. Àmọ́ kí ni mo fi bẹ̀rẹ̀? Lógò mẹ́ta, fọ́tò àwọn tó fowó ràn wá lọ́wọ́ (ọ̀gá kan ní tí ojú òun ò bá kọ́kọ́ jáde kí n dá owó òun padà, Ìjẹ̀bú ni, mi ò bá a jiyàn), drone lórí òrùlé páànù, ìlù gángan, ohùn bàbá kan tó ń sọ pé "ní ìlú kan", ìyá wá jí, ó rin pákò, ó gbálẹ̀, ó gbàdúrà, àdúrà yẹn nìkan fẹ́ẹ̀ tó ìsìn òru. Ó di ìṣẹ́jú kọkànlá kí owó tó sọnù.

A gbé e lọ sí gbọ̀ngàn kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, èèyàn bí ogójì, mo jókòó sẹ́yìn, àwọn èèyàn ni mò ń wò, mi ò wo fíìmù. Kí drone tó balẹ̀, iná fóònù ti ń tàn káàkiri bíi tanátaná. Màmá méjì tó wà níwájú mi ti bọ́ sórí ọ̀rọ̀ aṣọ régbèrégbè, ìyẹn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí wọn, tí wọ́n fẹ́ dá fún Ojúde Ọba. Nígbà tí owó wá sọnù lóòótọ́, ọ̀kan bi èkejì pé "owó wo?" Ojú tì mí débi pé mo jáde lọ dúró ti jẹnẹrétọ̀, mò ń ṣe bí ẹni tó ń yẹ epo wò.

Ni mo bá tún ṣe àṣìṣe kejì. Ẹnìkan ní ìbọn ni kí n fi bẹ̀rẹ̀. Mo fa síìnì tí ọlọ́pàá ti ń lé ọmọ yẹn láti ìparí wá síwájú, ariwo, eré sísá, ìbọn dún gbàù, mo wá kọ "ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn" sí i. Gbogbo wọn ta gìrì. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́rin, fóònù. Torí wọn ò mọ ẹni tí wọ́n ń lé, wọn ò tíì ríbi tó ti ṣeun, wọn ò tíì bínú sí i, kí ló kàn wọ́n bí ìbọn bá bà á?

Àwọn àgbà á sọ fún ẹ pé Bàbá Ògúǹdé, ọmọ Ọ̀sọ́sà níbí, orin àti ijó ló fi ń ṣí eré, opening glee tí wọ́n ń pè é. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n orí ìtàgé nìyẹn, èèyàn ṣì ń wọlé, wọ́n ń wá àga, ọmọ ń ké, glee yẹn ló ń kó ọkàn wọn jọ, wọ́n sì ti sanwó lẹ́nu ọ̀nà, wọn ò lọ síbì kankan. Ẹni tó ń wò ẹ́ lórí YouTube ò san kọ́bọ̀, ìka ẹ̀ ti wà lórí fíìmù míì. Tó o bá gbé tìẹ síbẹ̀, lọ wo YouTube Studio, ó máa fi ìlà kan hàn ẹ́ iye àwọn tó ṣì ń wò nígbà tó bá fi di ìṣẹ́jú-àáyá 30. Ìlà tèmi já wálẹ̀ bí ẹni já bọ́ lórí ọ̀pẹ.

Ohun tó là mí lójú ni fíìmù àtijọ́ kan, Touch of Evil, tí Orson Welles ṣe, ọdún 1958 ló jáde. Ọwọ́ kan lo máa kọ́kọ́ rí, ó ń yí aago bọ́ǹbù, ẹni náà sáré gbé e sínú búùtù mọ́tò, ọkùnrin kan àti obìnrin kan wá wọ mọ́tò náà, wọ́n wà á lọ. Ó lé ní ìṣẹ́jú mẹ́ta tí kámẹ́rà fi ń rìn káàkiri ìgboro láì gé e rárá. Kò sí nǹkan kan tó ń ṣẹlẹ̀ jàre, mọ́tò ń dúró, èèyàn ń kọjá, wọ́n ń tàkúrọ̀sọ ní bọ́dà, àmọ́ ìwọ ò lè mí, torí o mọ ohun tó wà nínú búùtù, àwọn tó wà nínú mọ́tò ò mọ̀.

Mo ní háà, èmi náà ní bọ́ǹbù kẹ̀! Owó àjọ ni.

Mo tún un gé. Ojú fíìmù ṣókùnkùn, o kàn ń gbọ́ ọwọ́ nínú ewé, ohùn obìnrin ń ka obì, "méjìdínlógún, mọ́kàndínlógún". Ìmọ́lẹ̀ wá dé, ó ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ dúró. Ó da gbogbo obì sílẹ̀, ó gbọn apẹ̀rẹ̀, kò sí nǹkan kan. Wọ́n pè é láti ìta: "Ìyá Bísí, àwa ẹlẹ́gbẹ́ ti dé o, a wá gbowó wa!" Ó fi etí ìró nu ojú, ó da ewé bo obì, ó rẹ́rìn-ín jáde: "Ẹ káàbọ̀ o, ẹ jókòó, ṣé ẹ ò ní kọ́kọ́ fi omi tútù mu gàrí?" Kò pé ìṣẹ́jú kan àbọ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni orúkọ àwọn òṣèré wá jáde, fọ́tò ọ̀gá tó fowó ràn wá lọ́wọ́ yẹn sì wà ní ìparí, ó ti bá mi jà, a ti parí ẹ̀.

Gbọ̀ngàn kan náà la tún gbé e lọ. Nígbà tí ìyá fi gàrí lọ̀ wọ́n, obìnrin kan kígbe "Jésù!"

Mi ò ju drone náà nù ṣá. Ìṣẹ́jú kẹsàn-án ni mo gbé e sí, nígbà tí ìyá ti mọ̀ pé ọmọ òun ló gbé e, tó sáré já sí títì láì wọ bàtà. Òrùlé kan náà, páànù kan náà, mo kàn gé e kù sí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́jọ ni. Bí Ṣàgámù ṣe tẹ́ rẹrẹ báyìí, ẹnìkan mí kanlẹ̀ lẹ́yìn mi, ó ní, "Níbo ló ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wá a báyìí?"