Ẹ Bi Wá: Ẹ̀rọ Olójú Roboto Tí Bàbá Fi Sílẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Ìbarà ní Abẹ́òkúta ni mo ń gbé. Bàbá mi, tí wọ́n fi iṣẹ́ àtúnṣe rédíò tọ́ wa dàgbà ní Láfẹnwá, fi ẹ̀rọ wúwo kan sílẹ̀ nígbà tí wọ́n papò dà. Ojú rẹ̀ rí roboto bí àwo kékeré, fáàfù onígíláàsì ló sì kún inú rẹ̀. Síkóòpù ni wọ́n máa ń pè é. Ẹni tó ń ra irin àlòkù ti fẹ́ gbé e lọ. Kí ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an, ṣé mo sì lè tì í bọ iná wò?

ÌDÁHÙN: A kí yín kú àṣẹ̀yìndè bàbá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí onírin gbé e, ẹ má sì tíì tì í bọ iná.

Mítà lásán a máa sọ iye fóòtì tó wà nínú wáyà, ṣùgbọ́n kì í fi bí iná náà ṣe ń lọ sókè sódò hàn. Síkóòpù ló ń ya ìrísí rẹ̀ kí ojú lè rí i. Ferdinand Braun, ọmọ Jámánì, ló kọ́kọ́ ṣe irú ìgò tó jẹ́ ojú rẹ̀, ní ọdún 1897. Nídìí ìgò náà, irin tó gbóná ń tú ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù, ìyẹn àwọn ẹyọ iná tín-ín-tìn-ìn-tín, jáde, wọ́n sì ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tán kí ohunkóhun má baà dí i lọ́nà. Iná tó lè ju 1,000 fóòtì lọ a lé e síwájú, ibi tó bá sì ti kọlu ẹfun tí a fi pa inú gíláàsì ni yóò tàn, àwọ̀ ewé lọ́pọ̀ ìgbà. Kó tó débẹ̀, ó ní láti gba àárín awẹ́ irin méjì-méjì tó ń darí rẹ̀ kọjá. Èyí tó wà lókè àti nísàlẹ̀ ń gba iná tí à ń wò, lẹ́yìn tí àwọn fáàfù bá ti sọ ọ́ di ńlá. Ti ọ̀tún àti òsì ni mo fẹ́ràn jù: kàpásítọ̀ kan, ohun tó ń tọ́jú iná pamọ́, a máa kún díẹ̀díẹ̀, àmì ìmọ́lẹ̀ ojú gíláàsì náà a máa rìn láti òsì lọ sí ọ̀tún ní ìwọ̀n kan náà, bó bá ti kún, a tú dànù lẹ́ẹ̀kan, àmì a fò padà, a sì tún bẹ̀rẹ̀.

Iná ìjọba wa ń lọ, ó ń bọ̀, nígbà 50 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí oníṣẹ́ bá fi táńsífọ́mà kékeré bù ú wálẹ̀ kó tó so ó mọ́ síkóòpù, ìgbì tó ń rọra gòkè, tó ń rọra sọ̀, ni yóò rí. Ti ìnfátà olówó pọ́ọ́kú a máa rí bí àtẹ̀gùn onígun, ìdí nìyẹn tí fáànù fi ń kùn lórí rẹ̀. Nínú rédíò, irú iṣẹ́ bàbá yín, a fi ń tọpa ohùn láti ìpele kan dé èkejì: ibi tí ìrísí rẹ̀ bá ti bàjẹ́ ni àrùn wà.

Ní ti iná, kàpásítọ̀ tó ti pẹ́ nílẹ̀ a máa gbẹ, iná òjijì sì lè bẹ́ ẹ, kó sì jó táńsífọ́mà tí ẹ kò ní tètè rí òmíràn rẹ̀. Èyí tó bá ti Amẹ́ríkà wá sì lè jẹ́ pé fóòtì 117 ni wọ́n ṣe é fún, tiwa sì jẹ́ 230. Ẹ má ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ fúnra yín, nítorí iná tó lè pa ènìyàn ṣì lè wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí a ti yọ ọ́ kúrò nínú iná. Ẹ wá àgbà oníṣẹ́ rédíò tó lo fáàfù rí, kó yẹ àwọn kàpásítọ̀ wò, kó sì máa gbé iná rẹ̀ sókè ní díẹ̀díẹ̀. Bó bá tàn, kó dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù, torí àmì tó bá dúró pẹ́ lójú kan a máa jó ẹfun ibẹ̀ títí láé.