Wáyà bàbà tó nípọn ló dá mi dúró

Ẹ kú ìbéèrè. Ẹ ní kí ló dé tí àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà superconducting (èyí tí iná ń gba inú chip ẹ̀ kọjá láìsí ìdíwọ́ bó bá tutù gan-an) ń forí fọ́ lórí wáyà, ṣebí bí iná bá máa pọ̀, ká fa wáyà bàbà tó nípọn ni. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Mo ti ṣe iṣẹ́ wáyà ilé n'Íbàdàn kí n tó rékọjá sókè òkun: 1.5 mm² fún gílóòbù, 2.5 mm² fún sọ́kẹ́ẹ̀tì, bí ojú bá ń ṣe ẹ́ bákan, gbé e sókè sí i. Ọgbọ́n yẹn ló jẹ mí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Nínú fíríìjì helium tó ń mú chip náà tutù, ilẹ̀kùn tí iná gbà wọlé náà ni ooru ń gbà. Irin tó bá mọ iná gbé, ó mọ ooru gbé. Wáyà bàbà 1 mm² kan ṣoṣo, mítà kan ní gígùn, tí orí kan wà nínú yàrá tí èkejì sì wà ní 4 K (bíi -269 °C), ooru tó ń rù wọlé lé ní 0.15 wáàtì, kódà kẹ́ ẹ má tíì tan iná sí i. Pulse tube tiwa, ẹ̀rọ tó ń kó ooru jáde nínú fíríìjì náà, ò lè kó ju 1.5 wáàtì kúrò ní 4 K, bẹ́ẹ̀ ó ń jẹ tó 10 kilowáàtì níta kó tó ṣe ìyẹn. Èmi wá fa mẹ́jọ, 1.5 mm², tí ìkankan ò gùn tó mítà kan. Ẹ ṣírò ẹ̀.

Nígbà tí mo dé lọ́jọ́ kejì, 6 K ló dúró sí. Mo ní kò burú, ṣebí 9.2 K ni niobium, irin tí wọ́n fi ṣe chip, tó ń ṣíwọ́ superconducting. Irọ́ ni. Chip tí wọ́n ṣe fún 4.2 K ò gbà: iná tí junction (swíìṣì kékeré inú chip) kọ̀ọ̀kan lè fara dà ti dín kù, èsì tó ń jáde ò sì lórí, kò nídìí. Mo bú ẹni tó ya chip náà títí. Wáyà mi ni.

Ohun tó padà ṣiṣẹ́ ni wáyà idẹ láti ìta dé ìpele 50 K. Ẹ wé e mọ́ òpó bàbà níbẹ̀, kẹ́ ẹ fi fáníìṣì lẹ̀ ẹ́ pa, kí ooru já síbẹ̀. Ìpele yẹn lè gbé 30 wáàtì ó lé. Láti ibẹ̀ lọ sí 4 K, téèpù YBCO ni, òun náà superconductor. Bí kò bá ti gbóná tó 90 K, iná ń gba inú ẹ̀ kọjá fàlàlà, kì í sì í ru ooru bíi bàbà.

Bẹ́ ẹ bá ní irin lásán lẹ fẹ́ lò látòkè délẹ̀, bó ti wù kẹ́ ẹ yan gígùn àti ìnípọn ẹ̀ tó, amp kan lórí wáyà kan máa mú nǹkan bíi 45 milliwáàtì wá sí 4 K, ó kéré tán. Junction RSFQ (irú chip superconducting kan) kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ bíi 0.1 milliamp. Kó o mílíọ̀nù kan jọ, 100 amp nìyẹn. Àlọ àti àbọ̀, 9 wáàtì, kí kọ̀ǹpútà ọ̀hún tó ro 1 mọ́ 1. Ìdí rèé táwọn kan fi ń jẹ́ kí iná tó jáde ní apá kan chip tún wọ apá kejì, táwọn míì sì lọ lo AC. Ti àkọ́kọ́ yẹn ló wù mí jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àtiyà á ń fúnni lórí fífọ́.

Ẹ má sì fi ara fíríìjì ṣe ọ̀nà àbọ̀ iná o. Mo ṣe é. Mo tún tan iná kó tó tutù tán, magnetic field (agbára òòfà) iná náà bá há sínú niobium bó ṣe ń kọjá 9.2 K. Ẹ lọ́ wáyà àlọ àti àbọ̀ pọ̀ mọ́ra, ẹ jẹ́ kó tutù kẹ́ ẹ tó tan nǹkan kan. Ní báyìí, hítà kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ chip mi. Bí field bá há, mo gbé e dé 10 K, ó tú u sílẹ̀, mo tún jẹ́ kó tutù, mi ò ní láti tú gbogbo fíríìjì palẹ̀.