Èsì: Kí ló dé tí G fi pé mẹ́ta lẹ́yìn owó Carausius?
Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní PAX AVGGG (èdè Látìn, “àlàáfíà àwọn olú-ọba”) ló wà lẹ́yìn owó Carausius, ẹni tó fi ara rẹ̀ jẹ olú-ọba ní Bìrìtéènì, tẹ́ ẹ rà, ẹ sì ń rò pé ẹni tó gbẹ́ ẹ ló ṣì í kọ. Kò ṣì í kọ rárá. G kọ̀ọ̀kan dúró fún olú-ọba kan: AVG, ìkékúrú Augustus tó jẹ́ oyè olú-ọba Róòmù, jẹ́ ẹyọ kan, AVGG jẹ́ méjì, AVGGG jẹ́ mẹ́ta.

Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀wẹ́ ọkùnrin náà wà. Ọ̀gá àwọn ọmọ ogun ojú omi ni kó tó ya kúrò lábẹ́ Róòmù ní nǹkan bí ọdún 286, tó gba Bìrìtéènì àti apá kan etíkun Gaul (ilẹ̀ Faransé òde òní). Maximian, ọ̀kan nínú àwọn olú-ọba Róòmù méjì ìgbà náà, ti ní kí wọ́n pa á. Síbẹ̀, ó ń rọ owó tó fi ara rẹ̀ ṣe ìkẹta Maximian àti Diocletian, olú-ọba kejì! Ọ̀kan tiẹ̀ wà tí orí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí wọ́n kọ CARAVSIVS ET FRATRES SVI sí i, ìyẹn ni pé Carausius àti àwọn arákùnrin rẹ̀. Arákùnrin ta ni? Àwọn yẹn ò kà á mọ́ ara wọn. Ọmọ abẹ́ rẹ̀, Allectus, ló padà pa á ní 293.

Ẹ wo ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ obìnrin tó wà lẹ́yìn owó náà dáadáa. Bí ẹ bá rí ML, Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti rọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́ o; ìwọ̀nba fàdákà tó bá ṣẹ́ kù lára rẹ̀ máa bá a lọ ni.