Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Egbòogi, ooru ara àti ìsoríkọ́ lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá dúró

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni ọdún 52 ni mí, Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń gbé. Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti rí nǹkan oṣù mi kẹ́yìn. Ooru á kàn dédé bò mí láti àyà dé orí, òógùn á rin aṣọ ìbora mi gbingbin lóru. Ó tó oṣù mẹ́rin tí gbogbo nǹkan ti sú mi, ẹkún kì í jìnnà sójú mi. Dókítà ti fún mi ní sertraline, oògùn ìsoríkọ́, mo sì ń lo amlodipine fún ẹ̀jẹ̀ ríru tẹ́lẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi wá ra egbòogi méjì, St John's wort àti black cohosh, fún mi, àǹtí mi sì fi egbò asofẹ́yẹjẹ ránṣẹ́ láti Ìbàdàn. Ṣé mo lè lò wọ́n pa pọ̀?

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú ìfaradà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pa wọ́n pọ̀. Èyí tó ti ilé wá ló ń bà wá lẹ́rù jù, ẹ jẹ́ ká ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Oògùn wèrè ni àwọn oníṣègùn wa mọ asofẹ́yẹjẹ sí, fún ẹni tó ń jà, tó ń sá kiri, tí kò fojú kan oorun. Ó máa ń rọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ wọ̀ọ̀. Ohun tó ń ṣe iṣẹ́ náà nínú egbò rẹ̀ ni reserpine, tí àwọn onímọ̀ yọ lára ìbátan rẹ̀ ti Íńdíà lọ́dún 1952, tí wọ́n sì fi ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru. Kò pẹ́ tí àwọn dókítà fi rí i pé àwọn kan tó ń lò ó ń sorí kọ́, nítorí ó máa ń gbẹ àwọn èròjà tó ń mú ara ẹni yá gágá nínú ọpọlọ. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti wálẹ̀ tẹ́lẹ̀ tó bá mu ún lè tún rì sí i. Yàtọ̀ síyẹn, ó ń fa ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Tó bá pàdé amlodipine, ẹ lè dìde lórí ibùsùn kí òòyì gbé yín ṣubú. Ẹ bá wa dúpẹ́ lọ́wọ́ àǹtí, ṣùgbọ́n ẹ má sè é.

St John's wort ní tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́ fún ìsoríkọ́. Ewéko olódòdó yẹ́lò ni. Tí ẹ bá na ewé rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀, ẹ ó rò pé wọ́n fi abẹ́rẹ́ lu ú ni, tí ẹ bá sì fọwọ́ rún òdòdó tí kò tíì là, ọwọ́ yín á pọ́n. Àkójọ ìwádìí 29 tó jáde lọ́dún 2008 fi hàn pé ó ran àwọn tó sorí kọ́ lọ́wọ́ ju oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú lọ. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ yẹn gan-an ló fà á tí kò fi gbọ́dọ̀ pàdé sertraline. Àwọn méjèèjì ló ń gbé serotonin sókè, ọ̀kan lára àwọn èròjà inú ọpọlọ tó ń mú ara yá gágá. Tó bá pọ̀ jù, ara á máa gbọ̀n, àyà á máa sáré, ìgbẹ́ gbuuru á dé, òógùn á bo ni. Òógùn yìí lẹ sì lè rò pé ooru nǹkan oṣù ni. Ó tún ń mú kí ẹ̀dọ̀ tètè da àwọn oògùn mìíràn nù: amlodipine yín, warfarin tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, oògùn fètò-sọ́mọ-bíbí, àti púpọ̀ nínú oògùn HIV. Kódà lẹ́yìn téèyàn bá ṣíwọ́ rẹ̀, agbára yìí ṣì lè wà lára tó ọ̀sẹ̀ méjì.

Ẹ má sì dédé ju sertraline sílẹ̀ torí pé ẹ fẹ́ gba ti ewé. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kó tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, àìdín in kù díẹ̀díẹ̀ sì lè fa òòyì àti bíi kí iná mànàmáná gba inú orí kọjá. Òun náà lè fa òógùn o. Ẹ sọ fún dókítà bóyá òógùn òru yìí le sí i lẹ́yìn tí ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ó wá ku black cohosh, tí wọ́n ń tà fún ooru nǹkan oṣù. Àkójọ ìwádìí 16 lọ́dún 2012 kò rí ẹ̀rí tó fi hàn pé ó ń dín ooru kù. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ dán an wò, kí apòògùn kọ́kọ́ wo gbogbo oògùn yín. Kí páálí rẹ̀ ní àmì THR, tó fi hàn pé wọ́n ti forúkọ egbòogi náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ní UK. Kó má ju 40 mg lójúmọ́, kó má sì kọjá oṣù mẹ́fà. Bí ojú bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí òdo ẹyin, tàbí tí ìtọ̀ dúdú bíi tíì, ẹ dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀, ẹ lọ rí dókítà. Ẹ̀dọ̀ ló ń ké. Ẹni tó ti ní jẹjẹrẹ ọmú rí kò gbọ́dọ̀ dá a lò.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà nípa HRT, ìtọ́jú tó ń fi dípò èròjà hormone tó ti dín kù lára obìnrin, èyí tó jẹ́ pé wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara. Ẹ̀jẹ̀ ríru tó ti wà níkàáwọ́ kì í sábà dí i lọ́wọ́. Bí ọkàn bá sì ń sọ fún yín pé ikú sàn jù, ẹ má dúró de ọjọ́ àdéhùn: ẹ pe 999, tàbí Samaritans, àwọn tó ń gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn èèyàn lórí fóònù, ní 116 123, tọ̀sán-tòru.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé mílíìkì sóyà lè dín ooru yìí kù? Abẹ́òkúta ni mo wà.

ÌDÁHÙN: Ó lè dín in kù díẹ̀ fún àwọn kan, ṣùgbọ́n ẹ fún un tó oṣù mẹ́ta. Ẹ rẹ sóyà mọ́jú, ẹ bó o, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ sẹ́ ẹ. Orí iná ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í: ìfófò rẹ̀ máa ń ru sókè kó tó hó rárá, wọ́n á sì gbé e kalẹ̀. Sóyà tí kò jinná ń da inú rú. Ẹ dín iná kù, ẹ máa rò ó, kó hó fún 20 ìṣẹ́jú. Ẹni tó bá ń lo levothyroxine, oògùn fún ẹṣẹ́ thyroid tó wà ní ọrùn, kó fi wákàtí mẹ́rin sáàárín oògùn náà àti sóyà.