Ẹ Bi Ẹ̀gbọ́n Léèrè: Kí La Ó Kọ́kọ́ Rà Tá A Bá Fẹ́ Ṣe Bíi Ọdẹ Orí Òkè?

Látìgbà tí mo ti jẹ́wọ́ lóṣù tó kọjá pé èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń lọ sùn nínú oko kan lọ́nà Ìdó, tá à ń dáná láìsí ìṣáná, tá à ń fá awọ, tá à ń ṣe bíi tàwọn ọdẹ òyìnbó tó ń gbé orí òkè Rocky ní Amẹ́ríkà láyé ijọ́un, lẹ́tà ò jẹ́ kí n gbádùn mọ́. Mo mú márùn-ún nínú ẹ̀. Àwọn tó kàn fẹ́ mọ̀ bóyá orí mi pé, ẹ má bínú, mi ò ráyè yín.

*Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa márùn-ún la wà ní Apẹtẹ, a ti ń wo fídíò àwọn ọdẹ yẹn tipẹ́, a fẹ́ lọ lo ọjọ́ mẹ́ta nínú igbó lóṣù Kejìlá. Ọ̀rẹ́ wa kan ti rí télọ̀ tó máa rán aṣọ awọ tó ń ṣe wàjàwàjà lápá fún wa, ₦90,000 lẹ́nì kan. Ṣé ká san án, àbí kí la ó kọ́kọ́ rà? Ọmọ Apẹtẹ.*

Ẹ má san kọ́bọ̀, àbúrò. Mo ti rí ẹni tó wọ wàjàwàjà látorí dé ẹsẹ̀, ìgbà tílẹ̀ ṣú, ó ń yá láítà lọ́wọ́ àwa tá a wọ jíìnsì. Iná ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n dá, ohun mẹ́ta ló sì ń gbà: irin, òkúta, àti àkísà tẹ́ ẹ ti sun dúdú.

Irin yẹn kì í ṣe irin gẹ̀ẹ́rẹ́ gẹ̀ẹ́rẹ́ o. Ẹ lọ bá káfíńtà, ẹ bi í bóyá ó ní fáìlì tó ti kú, èyí tí wọ́n fi ń pọ́n ayùn tí eyín ẹ̀ ti tán, owó péńpé ló máa gbà. Ẹ gbé e fún alágbẹ̀dẹ kó bá yín tẹ̀ ẹ́ bíi lẹ́tà C kó lè wọ̀ yín lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹ dúró tì í o, torí tó bá ti tẹ̀ ẹ́ tán ó gbọ́dọ̀ dá a padà síná kó pọ́n dẹ̀dẹ̀ kó wá jù ú sómi lójú ẹsẹ̀. Tó bá fi í sílẹ̀ kó tutù fúnra ẹ̀, irin yẹn á rọ̀, ẹ ṣá a dilẹ̀ mọ́, kò ní ta iná. Báyẹn lèmi ṣe tèmi àkọ́kọ́, mo sì fi bí oṣù kan bú òkúta, òkúta ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ara irin niná yẹn ti ń wá jàre. Òkúta kàn ń fá irin ni, ẹ̀rún irin tó bá fá kúrò ló ń gbiná nínú afẹ́fẹ́.

Òkúta ìbọn gangan ò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, àmọ́ orí òkè ni wọ́n tẹ Ìbàdàn dó sí, òkúta funfun tó ń dán bí iyọ̀ yẹn wà káàkiri. Ẹ fọ́ ọ, kẹ́ ẹ mú èyí tétí ẹ̀ mú bí abẹ. Ẹ fi nǹkan bojú o kẹ́ ẹ tó fọ́ ọ.

Àkísà wá ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń bàjẹ́. Òwú pọ́ńbélé ni kó jẹ́, síńgíléètì àtijọ́ dáa, kí pólísítà má sí nínú ẹ̀ torí yíyọ́ nìyẹn máa yọ́. Ẹ gé e wẹ́wẹ́ bíi páálí ìṣáná, ẹ kó o sínú agolo olómorí, ẹ fi ìṣó lu ihò kan ṣoṣo sómorí yẹn, ihò kékeré, kẹ́ ẹ gbé e sórí ẹyin iná níta gbangba. Èéfín á máa rú jáde látojú ihò yẹn, ẹ jẹ́ kó rú. Ìgbà téèfín bá dá, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ wá jókòó sórí ọwọ́ yín! Ẹ ò gbọ́dọ̀ ṣí i. Tẹ́ ẹ bá ṣí i ní gbígbóná, atẹ́gùn á wọlé, gbogbo ẹ̀ á gbiná, eérú lẹ máa bá. Tó bá ti tutù, ẹ ó rí i pé aṣọ yẹn ti dúdú kirikiri, ó fúyẹ́, àmọ́ ó ṣì jẹ́ odindi, ìkan péré ló máa gba ẹ̀ta iná tẹ́nikẹ́ni ò lè fojú rí dáadáa, á sì máa jó rẹ̀rẹ̀ láìlà.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣá a, ẹ di òkúta mú lọ́wọ́ òsì, kẹ́ ẹ fi àtàǹpàkò tẹ àkísà yẹn mọ́ ọn lórí, kó sún mọ́ etí tó mú yẹn dáadáa, kẹ́ ẹ wá fi irin gba etí òkúta wálẹ̀, bí ẹni ń bó èèpo. Tó bá ti gbà, ẹ gbé e sínú háhá àgbàdo gbígbẹ tẹ́ ẹ ti fà ya wẹ́wẹ́ tàbí ìhá àgbọn, ẹ ká a mọ́nú, ẹ máa fẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ yín á gbóná, èéfín á wọ̀ yín lójú, àfi fììì, iná ti sọ! Ó gbà mí ní wákàtí méjì lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àtàǹpàkò mi ṣẹ̀jẹ̀, ìyá kan ládùúgbò wa dúró ó wò mí títí ó ní, "Bàbá Fèyí, ṣé owó ìṣáná ni ò sí ni, ẹ wá gba náírà."

Lẹ́yìn iná, ẹ ra ọ̀bẹ kan tó dáa, kọ́ọ̀pù páànù tó ṣeé gbé kaná, búláńkẹ́ẹ̀tì kan. Kẹ́ ẹ rán àpò tẹ́ ẹ lè gbé kọ́rùn, àwọn ọdẹ yẹn ń kó irin ìṣáná, òkúta, ọta àtàwọn nǹkan wẹ́wẹ́ míì sínú ẹ̀, àpò ọdẹ tiwa yìí náà ni. Aṣọ awọ àti kóòtù onírun àgùntàn tí wọ́n ń wọ̀, yìnyín ló sọ wọ́n di dandan. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ ní Apẹtẹ lọ́sàn-án gangan, ẹ lọ mú omi tutù dání fún un. Ṣẹ́ẹ̀tì òwú náà ṣá wà lára ohun tí wọ́n ń wọ̀. Ohun kan ṣá: ọyẹ́ ló máa ń mú lóṣù Kejìlá, ẹ ro ìdí iná yín dáadáa kó mọ́, kí garawa omi wà nítòsí, ẹ má jóko olóko.

*Bọ̀dá, awọ òbúkọ tá a pa níléyá ni mo ní kí alápatà bó fún mi, mo fiyọ̀ pa á, mo sá a sórí páànù fún ọ̀sẹ̀ kan, ó wá gan bíi pákó, ó tún ń rùn. Àpò ni mo fẹ́ fi ṣe. Ìyá Ìbejì, Mọ́níyà.*

Ìyá Ìbejì, ẹ kú oríire o, ẹ tiẹ̀ rí alápatà tó bá yín bó o! Èmi, tí mo bá fi lè yíjú báyìí, wọ́n ti gbé e sórí iná, wọ́n ti wí i, awọ ti di ohun ọbẹ̀. Ìlú tó fẹ́ràn pọ̀ǹmọ́ tó báyìí, tani yóò fi awọ rán àpò?

Ohun tẹ́ ẹ ṣe yẹn, awọ ìlù ni. Tẹ́ ẹ bá gbé e fún onígángan ó máa dúpẹ́. Kò tíì bàjẹ́ ṣá tí irun ò bá máa wọ́ kúrò tí ò sì ní ìdin, ẹ rẹ ẹ́ sómi kó rọ̀, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́tun. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ tí ò mú fá gbogbo ọ̀rá àti ẹran tó lẹ̀ mọ́nú ẹ̀, ibẹ̀ lòórùn yẹn ti ń wá. Lẹ́yìn náà, ẹ rì í sínú omi eérú igi fún bí ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin, títí tẹ́ ẹ bá fọwọ́ fa irun tó ń tẹ̀ lé yín. Ẹ fá irun, kẹ́ ẹ tún fá awọ fẹ́lẹ́ tí irun yẹn wà lórí ẹ̀ títí tí ara ẹ̀ ó fi funfun, ẹ ṣàn án lọ́pọ̀ omi, ẹ fún un.

Ọpọlọ ni wọ́n fi ń ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ni o, ọpọlọ ẹran. Àwọn ìran tó ni ilẹ̀ Amẹ́ríkà kí òyìnbó tó dé ni wọ́n ni iṣẹ́ yẹn, wọ́n sì máa ń sọ pé kò sẹ́ran tí ọpọlọ ẹ̀ ò tó láti fi ṣe awọ ara ẹ̀. Ẹ gbo ọpọlọ sínú omi lílọ́wọ́wọ́, kó má gbóná jù, tọ́wọ́ yín ò bá gbà á awọ náà ò gbà á, á jinná ni, ẹ ó sì sọ ọ́ di pọ̀ǹmọ́. Ẹ rì í, ẹ pa á mọ́ ọn, ẹ fi sílẹ̀ mọ́jú, kẹ́ ẹ fún un. Tẹ́ ẹ ò bá ráàyè ọpọlọ, pupa ẹyin ń ṣe é.

Níbi tó kù yìí gan-an lawọ yín ti máa pinnu bóyá ó fẹ́ gan àbí ó fẹ́ rọ̀. Ẹ máa fà á. Ẹ fà á sọ́tùn-ún, ẹ fà á sósì, ẹ gbé e kọ́ okùn tó le kẹ́ ẹ máa fi gbo síwá sẹ́yìn, láìdúró, títí tó fi máa gbẹ tán pátápátá. Tẹ́ ẹ bá lọ jẹun nígbà tó ṣì tutù nínú, ibi tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ yẹn máa le. Èmi àti ọmọ mi obìnrin ló jọ fa tiwa láti aago mẹ́wàá àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, á ṣe díẹ̀ á ní, "Dádì, ṣó ti tó?" Ìgbà tó gbẹ tán ó rọ̀ bíi aṣọ ìléwọ́, ó sì funfun. Ẹ wá rán an bí àpò ẹnu ọ̀kẹ́, ẹ gbé e kọ́ sókè èéfín igi jíjẹrà, èéfín nìkan o, kíná má là, títí tó fi máa pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Èéfín yẹn ló ń jẹ́ kó lè tutù sójò kó gbẹ kó má gan padà. Ẹ má mú awọ ẹran tó kú fúnra ẹ̀ láéláé.

*Ẹ̀gbọ́n, ṣakabùlà bàbá mi àgbà wà lókè àjà, ṣé mo lè mú u dání lọ? Ọmọ Ọdẹ, Olómì.*

Rárá. Òfin ìbọn Nàìjíríà mú ṣakabùlà náà, ẹni tí ò bá níwèé àṣẹ lọ́wọ́ ò gbọ́dọ̀ ní in, kó tiẹ̀ jẹ́ ogún ìdílé. Ìbọn olókìkí kan táwọn ọdẹ òkè yẹn lò, èyí tí Jacob àti Samuel Hawken ń rọ nílùú St. Louis, láti ẹnu ni wọ́n ti ń ki òun náà. Káfíńtà lè fi igi gbẹ́ ọ̀kan fún yín, ẹ ó kàn gbé e kọ́ èjìká.

*Ẹ̀gbọ́n, kí ni wọ́n ń wá lórí òkè yẹn ná? Ṣé dúdú kankan wà nínú wọn? Tíṣà, Òkè-Adó.*

Tíṣà, fìlà ni. Ẹranko kan wà tó ń jẹ́ beaver, ẹ fojú inú wo ọ̀yà tó sanra tó ń gbé inú omi, tí ìrù ẹ̀ rí pẹlẹbẹ bí abẹ̀bẹ̀. Irun ẹ̀ làwọn tó ń ṣe fìlà nílẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń dù. Àwọn ọdẹ yìí á wọ odò tó tutù bíi yìnyín títí dé itan lọ dẹ pàkúté irin, wọ́n á fi oje olóòórùn tó wà lára beaver gan-an tàn án wá sídìí pàkúté, òṣìkà lèèyàn jàre. Làkúrègbé wọ́pọ̀ láàárín wọn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọ́n á pàdé níbì kan bí ọjà ọlọ́dọọdún, kó awọ wá, kó ẹ̀tù, ṣúgà, kọfí àti ọtí lọ, 1825 lèyí àkọ́kọ́ wáyé, 1840 ló parí, ìgbà tí beaver ti dín kù tí fìlà sílíkì sì ti gbòde.

Dúdú wà níbẹ̀. James Beckwourth, ẹrú ni ìyá tó bí i ní Virginia, bàbá ẹ̀ jẹ́ òyìnbó, ó di ọdẹ, ó bá àwọn ẹ̀yà Crow gbé fọ́dún púpọ̀, ọ̀nà kan tó gba àárín òkè Sierra Nevada ní California kọjá ń jẹ́ orúkọ ẹ̀ dòní. Tíṣà, ẹ fi kọ́ àwọn ọmọ.

*Kí la ó máa jẹ ńbẹ̀? Mi ò fẹ́ gbé indomie lọ. Alásè, Bódìjà.*

Pemmican, ìyẹn ẹran gbígbẹ tí wọ́n gún tí wọ́n pò mọ́ ọ̀rá. Ẹran màálù tí ò lọ́ràá, ẹ gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi ti kìlíṣí, láìfi ẹ̀pà láìfata, ẹ sá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná tó ń rú díẹ̀díẹ̀ títí tó fi máa ṣẹ́ páá tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Ẹ gún un lódó kúnná, ẹ yọ́ ọ̀rá màálù, ẹ sẹ́ ẹ, kẹ́ ẹ dà á mọ́ ọn bíi déédéé ìwọ̀n ẹran yẹn, kó dì. Ó ń pẹ́, ó ń yó èèyàn, iyọ̀ díẹ̀ ò burú. Tí ẹ bá máa bi mí nípa adùn ẹ̀, ọmọ mi tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan, ó ní ó dà bí ìgbà téèyàn ń jẹ àbẹ́là.